Underlay wo ló bá laminate mu lórí ilẹ̀ tó ní heating lábẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ilé tuntun la ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ní Milton Keynes. Àwọn tó kọ́ ọ ti tẹ́ páìpù heating sábẹ́ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ìsàlẹ̀, heat pump, ẹ̀rọ oníná tó ń fa ooru láti ìta wọlé, ló sì ń ti omi gbígbóná gba inú rẹ̀. Ilẹ̀ pálọ̀ ṣì wà lásán. A ti ra laminate, ìyẹn pákó ìtẹ́lẹ̀, oní-mìlímítà 8, ó ku underlay, ohun tí a máa tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ní ká mú fóòmù oní-mìlímítà 5 tó ní ojú fàdákà, pé bó bá ṣe nípọn tó ni ilé yóò ṣe móoru tó. Àna mi ní ká má dá a lóhùn, pé pákó aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi èérún igi ṣe ló dáa jù. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Yàrá kékeré kan tún wà lókè tí mo fẹ́ fi heating oníná mànàmáná sí lábẹ́ laminate. Ṣé underlay kan náà la máa lò níbẹ̀?

Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire ilé tuntun o. Ilé á tù yín lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóòmù yẹn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Kì í ṣe pé ọmọkùnrin yẹn fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ilẹ̀ tí kò ní heating ló wà lọ́kàn rẹ̀. Níbi tí òtútù ti ń gba ìsàlẹ̀ wá bá ẹsẹ̀ ẹni, ohun tó nípọn tó sì kún fún afẹ́fẹ́ ló ń gba ènìyàn. Nínú ilé tiyín, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni ooru ti ń bọ̀, fóòmù kò sì mọ ìyàtọ̀: bó ṣe ń dí òtútù lọ́nà ni yóò ṣe dí ooru tí ẹ sanwó fún lọ́nà.

Ohun tí ẹ máa wá lára bébà tó bá underlay wá ni lẹ́tà R, ìyẹn agbára tó ní láti dí ooru lọ́nà. Tog ni àwọn mìíràn máa ń kọ sí i, irú èyí tí ẹ ń rí lára duvet. Tog 1 jẹ́ R 0.1. Ààlà tí àwọn tó ń ṣe laminate sábà máa ń fún wa lórí ilẹ̀ tó ní heating ni 0.15, tog kan àbọ̀, fún gbogbo ohun tó bá jókòó lórí sìmẹ́ǹtì: underlay àti laminate lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ “lápapọ̀” yìí ló ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á rí 0.14 lára underlay, wọ́n á ní kò tíì dé 0.15, wọ́n á gbàgbé pé laminate tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ náà ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti pálọ̀ yín. Laminate oní-mìlímítà 8 sábà máa ń wà láàárín 0.05 sí 0.07. Ká mú 0.06. Fóòmù oní-mìlímítà 5 tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, irú èyí tí wọ́n ń pè ní XPS, kò jìnnà sí 0.14. Àpapọ̀ rẹ̀ di 0.20, ó ti ré kọjá ààlà. Pákó èérún igi tí àna yín ń wí, tó bá jẹ́ mìlímítà 5, máa ń wà ní nǹkan bíi 0.07 sí 0.1, àpapọ̀ 0.13 sí 0.16. Orí ààlà gan-an ló ń rìn. Kò burú tó fóòmù, ṣùgbọ́n n kò ní fi sínú ilé tó ń lo heat pump. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ rà ni underlay wúwo, pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi polyurethane àti lúbúlúbú òkúta ṣe, tí kò nípọn ju mìlímítà 2 lọ. R rẹ̀ lè kéré tó 0.01, ó sì ṣọ̀wọ́n kó ju 0.03 lọ. Pẹ̀lú laminate yín, kò ní dé 0.10. Ó wọ́n ju fóòmù lọ, ó sì wúwo débi pé ẹ máa nílò ẹni tó máa bá yín gbé e wọlé.

Ẹ lè ní kí ni nọ́ńbà kékeré báyìí fẹ́ ṣe. Ká sọ pé lọ́jọ́ tí òtútù bá mú, pálọ̀ yín ń fẹ́ wáàtì 50 lórí mítà kan níbùú lóròó. Kí ooru yẹn tó lè la fóòmù 0.14 kọjá, ìsàlẹ̀ fóòmù náà ní láti fi dígírì 7 gbóná ju òkè rẹ̀ lọ. Fún underlay 0.02, dígírì 1 péré ni. Dígírì mẹ́fà tó wà láàárín wọn, heat pump yín ni yóò wá a, nípa mímú omi gbóná sí i. Boiler oní-gáàsì lè má fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Heat pump kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí omi bá ṣe gbóná tó ni iná mànàmáná tó ń jẹ ṣe ń pọ̀ sí i, gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sì wà nínú pé kí omi má ju nǹkan bíi 35 sí 45 lọ. Ẹ óò máa san owó fóòmù yẹn lórí bíìlì lọ́dọọdún.

Ojú fàdákà ńkọ́? Wọ́n máa ń ní ó ń dá ooru padà sókè. Kí nǹkan dídán tó lè dá ooru padà, àyè gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Èyí ti fẹnu kan laminate pinpin, kò sí àyè kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní ti gidi ni pé kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin gòkè, iṣẹ́ gidi sì nìyẹn.

Ẹ má tìtorí R sáré ra fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Lóòótọ́ R rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò: bó bá wọlé wẹ́rẹ́, tí kò tètè padà, ẹsẹ̀ àga àti àwọn ìbejì tó ń sáré yóò lù ú pa. Pákó á máa lọ sókè sódò bí ẹ ti ń rìn, ibi tí pákó méjì ti há mọ́ra á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. CS ni wọ́n fi ń kọ agbára yìí. Mo máa ń wá 60 kPa sókè. Bí laminate yín bá sì ti ní underlay tirẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn láti ilé iṣẹ́, ẹ má tẹ́ òmíràn sí i rárá.

Ọ̀rinrin ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ilé yín tuntun. Ojú sìmẹ́ǹtì lè funfun kó sì gbẹ lọ́wọ́, kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Mìlímítà kan lóòjọ́ ni a máa ń kà fún mìlímítà 50 àkọ́kọ́, ọjọ́ méjì fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 75 lè gba ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó kọ́lé ọjọ́ tí wọ́n dà á, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé hygrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin, lé e. 75% tàbí ohun tó dín sí i ni a ń fẹ́ rí ní Britain kí á tó tẹ́ pákó. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ti tan heating náà rí. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti tàn án ṣáájú pákó, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ láti fi yan sìmẹ́ǹtì gbẹ: ti oní-sìmẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 21 ó kéré tán, kí omi bẹ̀rẹ̀ ní dígírì 25 fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà kó lọ sí ibi tó ga jù tí wọ́n ṣètò rẹ̀ fún, kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, bí underlay tí ẹ rà kò bá ní ìdènà ọ̀rinrin lára, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ náílọ́nù tó nípọn tó 0.2 mìlímítà, kí etí ìkan gun orí èkejì ní ìwọ̀n mìlímítà 200, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Náílọ́nù kì í dí ooru lọ́nà, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn.

Bí ilẹ̀ bá gun, tí kò tẹ́jú, ẹ má retí kí underlay bá yín bò ó. Ẹ na igi tó tọ́, tó gùn ní mítà 2, sórí rẹ̀. Bí àlàfo abẹ́ rẹ̀ bá ju mìlímítà 3 lọ, ẹ da self-levelling, àpòpọ̀ olómi tó ń tẹ́jú fúnra rẹ̀, sí i. Àlàfo yẹn ló máa di ibi tí afẹ́fẹ́ há sí lábẹ́ pákó, ibẹ̀ á sì máa tutù ju ibi yòókù lọ.

Kí ẹ tó tẹ́ ẹ, ẹ gbé pákó náà sínú pálọ̀ fún wákàtí 48, kí ẹ sì dín heating kù kí ilẹ̀ wà ní bíi dígírì 18. Lẹ́yìn títẹ́, ẹ tún fún un ní ọjọ́ méjì, kí ẹ wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ojú laminate kò gbọ́dọ̀ ju dígírì 27 lọ. Ráàgì onírun ńlá tí ìyàwó yín lè fẹ́ tẹ́ sí àárín pálọ̀ wà nínú ìṣirò yìí náà o, àlùbáríkà ni kó jẹ́ èyí tó fẹ́lẹ́.

Ó ku yàrá òkè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí heating náà bá jẹ́ irú bébà fóìlì tí wọ́n ń tẹ́ gbẹrẹfu sábẹ́ laminate, abẹ́ fóìlì ni underlay yóò wà, kì í ṣe orí rẹ̀, nítorí náà èyí tó ń dí ooru lọ́nà dáadáa ni ẹ máa lò, kí ooru má báa wọ àjà ìsàlẹ̀ lọ. Pákó XPS oní-mìlímítà 6 ni wọ́n sábà máa ń lò níbẹ̀. Lórí fóìlì, náílọ́nù nìkan, lẹ́yìn náà laminate. Ẹ má gbé kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ẹsẹ̀ lé ibi tí fóìlì wà, ooru á há síbẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé thermostat náà, ìyẹn ohun tó ń tan heating tó sì ń pa á, ní wáyà tó ń ka ooru ilẹ̀, tí ẹ ti fi 27 dè. Ẹ pe oníná tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin láti so ó mọ́ra, kó sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà kó tó kúrò nílé yín.