Eyín kọ́ ló ń yà á nígbẹ̀ẹ́: èsì fún ìyá ọlọ́mọ oṣù mẹ́jọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi obìnrin pé oṣù mẹ́jọ. Ó ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti ijọ́ mẹ́ta, ó sì ń bì díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló ń hù, pé bí eyín bá ti yọ, ìgbẹ́ á dá. Wọ́n ní kí n dáwọ́ ọmú dúró ná, nítorí ọmú ló ń ṣí i nínú. Mo ra oògùn eyín kan ní kẹ́mísì, mo sì fún un ní Flagyl díẹ̀, kò dá. Àwújẹ rẹ̀ tún ti ń jìn báyìí. Oògùn eyín wo ló dáa jù? (Ìyá Ọmọ, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ọmọ. Mi ò ní dárúkọ oògùn eyín kankan fún yín, nítorí eyín kọ́ ló ń ṣe ọmọ yín. Ohun tó já mi láyà nínú ìbéèrè yín ni èyí tí ẹ fi sí ìparí, pé àwújẹ ọmọ ti ń jìn. Àwújẹ tó jìn kì í ṣe àrùn ọ̀tọ̀ tí à ń wá nǹkan lẹ̀ mọ́. Omi ló ti ń tán lára ọmọ. Ẹ má ì tíì ka èyí tó kù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín lónìí, kí ẹ sì máa fún un lọ́mú lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá jókòó tí ẹ ń retí dókítà, ẹ wá kà á. Mi ò rí ọmọ yín, ohun tí mo ń kọ kò sì lè dípò kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ ara rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ eyín yìí ti sú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Eyín àkọ́kọ́ sábà máa ń yọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Eyín ọmọdé jẹ́ 20, wọn kì í sì í yọ tán títí ọmọ á fi tó ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Fún ọdún méjì gbáko, eyín kan á máa wà lọ́nà ṣáá. Bí ọmọ bá wúkọ́ láàárín ìgbà yẹn, ẹ máa rí eyín. Bí ibà bá mú un, ẹ máa rí eyín. Bó bá yàgbẹ́, eyín náà wà nítòsí tí a ó di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ṣé nítorí pé ó wà nítòsí ni a fi ní òun ló ṣe é?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an láti oṣù mẹ́fà lọ ni pé ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ látinú oyún ti ń dín kù. Ìgbà yẹn náà la bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní ògì, tí a ń rọ ọ́ sínú fídà tí ẹnu rọ́bà rẹ̀ kì í mọ́ dáadáa. Ìgbà yẹn náà ló ń rá kiri, tí èrìgì ń yún un, tó ń kó gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu. Ọ̀nà ẹnu yìí ni kòkòrò ń gbà wọlé. Èyí tó burú jù nínú wọn fún àwọn ọmọ kékeré ni fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní rotavirus. Láti oṣù Ògọ́sì 2022 ni ìjọba ti fi àjẹsára rẹ̀ kún èyí tí wọ́n ń fún ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, láti ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ yẹ káàdì ọmọ yín wò bóyá ó gbà á.

Eyín a máa mú kí itọ́ dà, kí èrìgì wú, kí ọmọ máa gé ìka jẹ, kí oorun rẹ̀ má lọ geere. Ara rẹ̀ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n tí tẹmómítà bá ti kà tó 38, ẹ fi eyín sílẹ̀, ẹ wá ohun mìíràn.

Inú ń bí mi sí oògùn eyín, mi ò sì ní fi pamọ́. Ní òpin ọdún 2008, àwọn ìyá ní Nàìjíríà ra oògùn eyín olómi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ My Pikin. Kẹ́míkà olóró kan, diethylene glycol, ti wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó mu ún kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 80. Ọmọ tí a fẹ́ fi ara tù ni a fi oògùn pa, nítorí eyín tí ì bá yọ fúnra rẹ̀. Mi ò sọ pé májèlé wà nínú èyí tí ẹ rà o, mi ò rí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò lè ṣe iṣẹ́ kankan fún ìgbẹ́ gbuuru, nítorí náà ẹ gbé e jù sílẹ̀. Flagyl náà, àyàfi bí dókítà bá ní kí ẹ lò ó. Ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ ọmọdé jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì, Flagyl kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Oògùn tí àgbàlagbà ń lò láti dá ìgbẹ́ dúró, ẹ má tilẹ̀ gbé e súnmọ́ ẹnu ọmọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń dúró de eyín dípò kí a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Láàárín oṣù márùn-ún sí mẹ́sàn-án, ìfun ọmọ lè wọnú ara rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ti ọwọ́ ẹ̀wù bọ inú. Ọmọ á ké lójijì, á ká ẹsẹ̀ mọ́kùn, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Èébì rẹ̀ lè di àwọ̀ ewé, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì ní ẹ̀jẹ̀ àti ikun. Bí a bá tètè gbé e dé, ó ṣeé tún ṣe, nígbà mìíràn láìsí iṣẹ́ abẹ rárá. Bó bá pẹ́, apá ìfun náà á kú, a ó sì ní láti gé e kúrò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tó pẹ́ dé máa ń sọ fún wa: "A rò pé eyín ni."

Ó yá, ìtọ́jú. Ọmú kọ́kọ́. Ẹ má dá a dúró, ẹ fi kún un. Omi wà nínú rẹ̀, oúnjẹ wà nínú rẹ̀, ààbò lọ́wọ́ kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ògì àti oúnjẹ mìíràn tó ti ń jẹ, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ORS, omi iyọ̀ àti ṣúgà tó wà nínú àpò kékeré. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń já a jù sílẹ̀: ORS kì í dá ìgbẹ́ dúró. Omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde ló ń pa ọmọ, òun sì ni ORS ń dá padà. Bí kòkòrò tiẹ̀ ti ba ìfun jẹ́, ìfun náà ṣì lè gba ṣúgà wọlé. Ṣúgà á fa iyọ̀ dání, omi á sì tẹ̀lé wọn. Ní 1971, kọ́lẹ́rà kọlu àwọn asásálà Bangladesh ní Bangaon ní Íńdíà, dírípù sì ń tán lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis. Ó ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, kí àwọn ẹbí máa fún àwọn aláìsàn mu. Níbi tí 20 sí 30 ti ń kú tẹ́lẹ̀ nínú 100, àwọn tó ń kú kò tó 4 mọ́. Kì í ṣe oògùn tálákà, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ti lítà kan. Bí píọ̀ wọ́tà yín bá jẹ́ 50cl, ẹ da méjì pọ̀, kí ẹ sì da gbogbo ORS náà sí i. Ẹ má pín in sí méjì pé ẹ ń ṣọ́ owó. Bí ẹ kò bá rí i rà, ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ ni kí ẹ fi sínú lítà kan omi tó mọ́, kí ẹ fi ọ̀bẹ gbá èyí tó ga ju etí ṣíbí náà lọ kúrò kó tẹ́jú. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó léwu fún ọmọ, nítorí náà ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 á mu mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́rin ife tíì títí dé ìdajì rẹ̀. Ife àti ṣíbí ni kí ẹ lò, kì í ṣe fídà. Bó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Glucose nìkan, málítì àti ẹlẹ́rìndòdò kì í ṣe ORS.

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní síǹkì náà, èròjà tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ kí ìgbẹ́ lè tètè dá. Fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, mílígíráàmù 20 ni lójúmọ́, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ lò ó tán bí ìgbẹ́ bá tiẹ̀ ti dá.

Ọmọ tí kò lè mu nǹkan mọ́, tó ń bì gbogbo ohun tó mu, tí gìrì mú, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má jókòó sílé máa po ORS fún un. Ẹ gbé e, kódà bó jẹ́ òru.

Ìyá ọkọ yín ńkọ́? Ẹ má bá wọn jà. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ yẹn. Bí ẹ bá délé, ẹ kó ife àti ṣíbí lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n máa fún un ní ORS, nítorí ó gba sùúrù, àgbà sì ní in.

Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ sọ gbogbo ohun tí ọmọ ti mu: oògùn eyín, Flagyl, àgbo bó bá wà. Ẹ mú páálí wọn dání. A ò ní bá yín jà. A fẹ́ mọ ohun tó wà lára ọmọ kí a tó fi òmíràn kún un.