Ológbò tí kò jẹun láti ìjẹta

Ẹ̀gbọ́n mi ní Kubwa, ẹ pẹ̀lẹ́. Panadọ́ọ̀lù tí ẹ bèèrè bóyá kí ẹ fún ológbò yín tí kò jẹun, ẹ má dán an wò o! Díẹ̀ péré lè pa ológbò. Ebi ọjọ́ méjì sí mẹ́ta náà sì burú fún un: ọ̀rá ara rẹ̀ á máa kó sínú ẹ̀dọ̀, pàápàá bó bá sanra. Ẹ ká ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ wo èrìgì. Bó bá rí bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ bọ ẹja Títọ́ọ̀sì láìsí iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà, ẹ gbé e fún un ní lílọ́wọ́ọ́rọ́ kó lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí kò bá tọ́ ọ wò, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Abuja (tí ìjọba sọ ní Yunifásítì Yakubu Gowon lọ́dún 2024) lónìí, nínú agbọ̀n onídèérí.