Báàjì Bẹ́rẹ́ẹ̀tì Ọ́físà Gẹ̀ẹ́sì: Ẹ Yí I Padà Kí Ẹ Tó Dárúkọ Ọdún Rẹ̀

Ìbéèrè tó wọlé lóṣù yìí lórí báàjì bẹ́rẹ́ẹ̀tì (fìlà rírọ̀) àwọn sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Àwọn kan rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ohun àtijọ́ ní London, àwọn mìíràn bá a nínú àpótí bàbá àgbà. A ti kó àwọn tó jọra pọ̀.

Ìbéèrè: Adé tó wà lórí báàjì mi rí róbótó. Ẹni tó tà á ní adé ọba nìyẹn, pé báàjì náà ti wà ṣáájú 1952, àti pé bẹ́rẹ́ẹ̀tì ọ́físà kan ló wà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ṣé kí n gbà á gbọ́? (Òǹkàwé, Peckham)

Ìdáhùn: Ẹ má gba ti Ogun Kìíní yẹn gbọ́ rárá. Nígbà ogun yẹn, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì máa dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń wa táǹkì ogun, Royal Tank Corps, ló kọ́kọ́ gba bẹ́rẹ́ẹ̀tì dúdú, ní 1924. Ọdún 1942 ni bẹ́rẹ́ẹ̀tì pupa rẹ́súrẹ́sú àwọn tó ń fi párásúùtù balẹ̀ dé, ọdún yẹn náà ni ti àwọn Commando (sójà akọlù òjijì) tó jẹ́ aláwọ̀ ewé. Àwọn yòókù gba fìlà kákí kan tó jọ bẹ́rẹ́ẹ̀tì ní 1943, ẹ̀yìn ogun sì ni bẹ́rẹ́ẹ̀tì aró gidi tó kárí wọn. Nítorí náà, báàjì rẹ́jímẹ́ǹtì (ẹgbẹ́ ọmọ ogun) lásán tí wọ́n pè ní ti bẹ́rẹ́ẹ̀tì, tó sì ní adé ọba, kò lè ju 1943 sí nǹkan bíi 1955 lọ.

Ẹ ó bi wá pé kí ló dé tí a fi ní 1955, tí kì í ṣe 1952. Adé méjì lẹ ó máa bá pàdé. Èyí tó tẹ̀ kọrọdọ sókè bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé ni adé Tudor; òun ni wọ́n lò láti 1901 títí George Kẹfà fi wàjà ní oṣù Kejì 1952. Èyí tí àárín rẹ̀ rì, tí èjìká rẹ̀ méjèèjì wá ga jù ú lọ, ni adé St Edward tí Elizabeth Kejì yàn. Àmọ́ báàjì kì í yí padà lọ́jọ́ tí ọba bá wàjà. Owó àpò ọ́físà fúnra rẹ̀ ló fi ń ra tirẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀ tàbí aránfìlà, kì í ṣe ìjọba ló ń fún un, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn ń lo ti àtijọ́ lọ fún ọdún mélòó kan.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùtajà kì í sọ: Charles Kẹta ti dá adé Tudor padà láti 2022. Báàjì tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún tó kọjá lè ní adé tó rí róbótó. Adé sọ fún yín pé ọba ọkùnrin ló wà lórí ìtẹ́. Kò sọ èwo.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ti ọ́físà ni, àbí ti sójà lásán? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n fi ṣe é ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti sójà lásán jẹ́ idẹ, irin funfun, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni alumíníọ̀mù aláwọ̀ wúrà tàbí fàdákà wọlé, èyí tó fúyẹ́ bí ìwé tó sì ń dán láì nù ún. Ti ọ́físà jẹ́ bróǹsì aláwọ̀ kọ́kọ́, fàdákà gidi, idẹ tí wọ́n fi fàdákà tàbí wúrà bò, tàbí okùn wúrà àti fàdákà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ṣe sórí aṣọ. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń kun àwọ̀ gíláàsì sí àárín rẹ̀. Ìlà ara ti ọ́físà tún máa ń mú: ẹ ó rí irun gọ̀gọ̀ kìnnìún lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ti gé àlàfo àárín rẹ̀ jáde.

Bróǹsì ló ń tan ènìyàn jẹ jù, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà ṣe é. Èkíní ni ike. Nígbà Ogun Kejì, irin wọ́n, ni wọ́n bá fi ike ṣe báàjì sójà láti nǹkan bíi 1941, A. Stanley & Sons ti Walsall wà lára àwọn tó ṣe é. Àwọ̀ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, nínú fótò wọn kò sì yàtọ̀ sí bróǹsì ọ́físà. Ẹ fi kan eyín: irin á dún ṣaka, ike á dún wúyẹ́. Ike kì í tutù lọ́wọ́, ó sì máa ń lọ́ bó bá ti pẹ́.

Èkejì ni idẹ sójà lásán tí ẹnì kan kùn ní ọ̀dà kí ó lè pọ̀ lówó. Ẹ fi òwú sínú ohun tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, kí ẹ fi ra ibi kékeré kan LẸ́YÌN báàjì. Bí òwú bá di àwọ̀ ilẹ̀, ọ̀dà ni. Bróǹsì gidi jẹ́ àwọ̀ tí oògùn mú jáde lára irin, kì í bó sórí òwú. Ẹ má dán èyí wò lára ike o, yíyọ́ ni yóò yọ́, ẹ má sì dán an wò níbi tí àwọ̀ gíláàsì bá wà. Bí báàjì gidi bá gbó, orí ibi tó yọ síta ni idẹ á ti máa hàn, ìyẹn imú kìnnìún àti ṣónṣó adé. Tó bá gbó dọ́gbadọ́gba káàkiri, ẹnì kan ló fi bébà oníyanrìn ha á.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá lẹ́yìn báàjì? (Òǹkàwé, Èkó)

Ìdáhùn: Ẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ojú ni àwọn aṣayédèrú ń dojú kọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mágínẹ́ẹ̀tì. Idẹ, bróǹsì àti fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá lẹ̀, irin lásán ló wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ báàjì gidi, nítorí náà ibi tó yọ síwájú máa ń jìn sínú lẹ́yìn, ìlà rẹ̀ á sì mọ́. Ti ọ́físà kan máa ń nípọn tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ayédèrú tó wọ́pọ̀ ni èyí tí wọ́n fi báàjì gidi ṣe mọ́ọ̀dì, tí wọ́n wá yọ́ idẹ dà sínú rẹ̀. Ihò wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́ á wà lẹ́yìn rẹ̀, ipa fáìlì á wà létí rẹ̀, lẹ́tà á sì dà bíi pé ọṣẹ ti jẹ ẹ́. Idẹ máa ń sún kì bó bá ń tutù, nítorí náà ayédèrú á kéré ju ojúlówó lọ: báàjì tó yẹ kó jẹ́ 40 mílímítà lè dín ní ìdajì mílímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ lo ìwọ̀n alátẹ̀mọ́ (caliper), kì í ṣe rúlà ọmọ iléèwé.

Ohun tó fi so mọ́ fìlà ni ó kù. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Òrùka méjì tí píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ń tẹ̀ sápá ọ̀tún àti òsì. Àti ahọ́n gígùn kan tó ń wọ inú fìlà lọ tààrà. Òrùka tàbí ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ ó bá lára bróǹsì ọ́físà lọ́pọ̀ ìgbà. Ahọ́n wọ́pọ̀ lára ti sójà. Bí ẹ bá rí bróǹsì tó ní ahọ́n, ẹ wò ó dáadáa kó má lọ jẹ́ idẹ sójà tí wọ́n pa láwọ̀ dà. Kí ẹ tún wo òjé tí wọ́n fi jó o mọ́ ọn: ti ayé àtijọ́ kéré, ó sì ti dúdú bí ara báàjì yòókù, òjé tó ń dán tó sì ṣàn káàkiri jẹ́ iṣẹ́ àná. Àtúnjó kò sọ báàjì di ayédèrú, àmọ́ ó ń dín owó rẹ̀ kù.

Orúkọ J.R. Gaunt tàbí Firmin, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe báàjì, lẹ́yìn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn aṣayédèrú náà mọ̀ ọ́n kọ. Orúkọ nìkan kò gba báàjì tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ní ihò wínníwínní là.

Ìbéèrè: Fàdákà ni tèmi, ó sì ní àmì kéékèèké mẹ́rin lẹ́yìn. (Òǹkàwé, Manchester)

Ìdáhùn: Orí yín ṣe ire, ọdún rẹ̀ wà níbẹ̀. Kìnnìún tó ń rìn ni ẹ̀rí pé fàdákà gidi ni. Ìdákọ̀ró túmọ̀ sí pé Birmingham ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, orí àmọ̀tẹ́kùn túmọ̀ sí London. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó dá dúró ni ọdún. Ẹ fi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ àti bí ihà rẹ̀ ṣe rí wé àtẹ ìlú náà, torí lẹ́tà kan náà máa ń padà wá. Ṣáájú 1975, àárín ọdún ni Birmingham ń pààrọ̀ lẹ́tà, nítorí náà ọdún méjì ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Àwọn lẹ́tà kejì ni ti ẹni tó ṣe é. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ náà “SILVER” tàbí “STERLING” nìkan lẹ rí, kò sí ọdún nínú ìyẹn.

Ìbéèrè: Àwọn báàjì kan kò ní adé, àwọn kan ní adé ṣùgbọ́n kò yé mi síbẹ̀. Ọ̀nà wo ló tún kù? (Òǹkàwé, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ìtàn rẹ́jímẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Òun ló ń fún ọdún há jù.

Ẹ mú REME, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Oṣù Kẹ́wàá 1942 ni wọ́n dá wọn sílẹ̀. Báàjì wọn àkọ́kọ́ jẹ́ ewé tó yí po, asà kékeré mẹ́rin tí lẹ́tà R, E, M, E wà lára wọn, àti irinṣẹ́ ìwọ̀n láàárín. Ní 1947 wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹṣin tó dúró síwájú mànàmáná. Nítorí náà, ẹṣin pẹ̀lú adé ọba kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju 1947 sí nǹkan bíi 1955 lọ, àfi tó bá jẹ́ ti Charles. Àwọn Royal Engineers, sójà tó ń ṣe afárá àti ọ̀nà, ní lẹ́tà orúkọ ọba láàárín báàjì wọn: ti George Kẹfà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1936. Ti Edward Kẹjọ, tó jọba láti oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá 1936 péré, ṣọ̀wọ́n gan-an. Ìdí nìyẹn tí ayédèrú rẹ̀ fi pọ̀. Báàjì Reconnaissance Corps (àwọn sójà tó ń ṣọ́ ọ̀tá), ọ̀kọ̀ pẹ̀lú mànàmáná méjì, kò ní adé, ṣùgbọ́n 1941 sí 1946 ni wọ́n wà. Parachute Regiment gba báàjì tirẹ̀ ní 1943. Adé tí kìnnìún rẹ̀ dúró lé kéré débi pé ẹ nílò gíláàsì asọǹkandi-ńlá.

Láti 1958, wọ́n kó àwọn rẹ́jímẹ́ǹtì ẹlẹ́sẹ̀ jọ sábẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ńlá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní báàjì kan. Èyí ò pẹ́ rárá, ó parí ní òpin àwọn ọdún 1960. Royal Green Jackets, rẹ́jímẹ́ǹtì ẹlẹ́sẹ̀ kan, wà láti 1966 sí 2007, nígbà Ọbabìnrin nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ti adé Tudor wá, ẹ bá tiyín lọ.

Ti SAS (àwọn sójà àkànṣe), idà abìyẹ́, kò ní adé, ayédèrú rẹ̀ ló sì pọ̀ jù lọ́jà. Láìsí ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá, ẹ má náwó lé e.

Ìbéèrè: Ti okùn wúrà ńkọ́? (Òǹkàwé, Leeds)

Ìdáhùn: Ẹ lo tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó bébà wò, nínú òkùnkùn. Bí òwú ìránṣọ tàbí aṣọ ẹ̀yìn bá tàn funfun búlúù, kẹ́míkà tó ń mú aṣọ funfun wà nínú rẹ̀, èyí tó di gbajúmọ̀ lẹ́yìn Ogun Kejì. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀: ọṣẹ ìfọṣọ òde òní ní kẹ́míkà yẹn kan náà, nítorí náà báàjì àtijọ́ tí wọ́n ti fọ̀ lè tàn. Bí òwú inú lọ́hùn-ún náà bá tàn, ó jọ pé ẹ̀yìn ogun ni wọ́n ṣe é. Bí ojú nìkan bá tàn, ó lè jẹ́ ọṣẹ. Okùn fàdákà gidi máa ń dúdú bó bá pẹ́. Èyí tó ń dán yanran lẹ́yìn 70 ọdún, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Bàbá àgbà mi jà ní Burma. Mo ní báàjì tó ní igi ọ̀pẹ. Ṣé ti ọ́físà ni? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Royal West African Frontier Force ni, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí lẹ́tà R bá wà níwájú W.A.F.F., ó jẹ́ 1928 sókè, nítorí ọdún yẹn ni wọ́n gba oyè “Royal”. 1960 ni wọ́n tú u ká. Nígbà ogun Burma, Òyìnbó ni àwọn ọ́físà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn; L.V. Ugboma, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ́físà, kò gba oyè títí di 1948. Bí báàjì yín bá jẹ́ idẹ lásán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti bàbá àgbà yín gan-an, ó sì ṣeyebíye ju bróǹsì ẹlòmíràn lọ fún ìdílé yín. Bí aṣọ tó ní aláǹtakùn dúdú (Dífíṣọ̀nù 81) tàbí ọ̀kọ̀ méjì tó gbé ara wọn ní àgbélébùú (Dífíṣọ̀nù 82) bá wà nínú àpótí náà, apá ẹ̀wù ni wọ́n ń rán ìyẹn mọ́, kì í ṣe fìlà. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ síbì kan.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fi Brasso nù ún? (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Rárá. Ìnù ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń bọ́ àwọ̀ bróǹsì, kì í sì í padà. Okùn wúrà, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ nìkan. Tí ẹ bá rí ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé lára idẹ, ẹ fi ọ̀pá ìtayín onígi àti epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ họ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá tó ń rùn bí ike tuntun, òun gan-an ló ń fa ìdọ̀tí yẹn. Bébà funfun tí kò ní ásíìdì, àpótí páálí, àti àpò kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun kó lè fa omi: ẹ máa pààrọ̀ àpò náà nígbà òjò.