Èsì: Ìdí tí Eurovision fi kọ̀ láti gba orin Georgia tí wọ́n sì gba ti Ukraine

Ẹ kú ìbéèrè lórí bí Eurovision, ìdíje orin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ṣe kọ̀ láti gba orin kan tí ó sì gba èkejì. Ọ̀rọ̀ inú orin ló fà á tí wọ́n fi kọ̀ láti gba orin Georgia ní 2009, tí wọ́n sì gba ti Jamala, akọrin Ukraine, ní 2016. Orin Georgia, "We Don't Wanna Put In", fi orúkọ Putin ti Rọ́ṣíà ṣeré, Moscow, olú-ìlú Rọ́ṣíà, gan-an sì ni ìdíje ọdún náà ti wáyé. Wọ́n ní kí Georgia yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà tàbí kí ó mú orin mìíràn wá. Ó kọ̀, ó sì yọwọ́.

Jamala ní tirẹ̀ kọrin nípa bí Stalin, olórí Soviet Union, ṣe lé àwọn ẹ̀yà Tatar kúrò ní Crimea ní 1944, ìtàn sì ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe òṣèlú. Lójú tèmi, ààlà yẹn tín-ín-rín púpọ̀, nítorí pé 2014 ni Rọ́ṣíà gba Crimea lọ́wọ́ Ukraine, ó sì ṣòro kí ènìyàn gbọ́ orin náà kí ó má rántí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orin nìkan ni èyí kàn. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, 2022, ọjọ́ kan péré lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò nínú ìdíje, kì í ṣe nítorí orin kankan.