Ajá darandaran tí ò ní ẹran tó ń dà: ṣé a lè sìn ín nínú ilé?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù aláékùm Ààfáà wa. Manchester la wà, èmi, bàbá àwọn ọmọ mi àtàwọn ọmọ. Àwọn ọmọ rí ajá ńlá onírun yẹn tí wọ́n fi ń polówó ọ̀dà Dulux, èyí tí irun bo ojú ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Old English Sheepdog, wọ́n ní àfi ká ra irú ẹ̀. Ọkọ mi ti gbà, torí ẹnì kan sọ nínú gúrúùpù WhatsApp mọṣáláṣí wa pé Ánábì SAW yọ ajá darandaran sílẹ̀, pé irú ẹ̀ náà nìyí, pé Ìmáámù Málíkì gan-an ní ajá ò lẹ́gbin. Ẹlòmíì fèsì pé kèfèrí ló ń sin ajá, ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀. Yàrá ìgbàlejò kan ṣoṣo la ní, ibẹ̀ náà la ti ń kírun. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là wá lọ́yẹ̀.

ÌDÁHÙN: Wa aláékùmú sàláàm wa ráhmátúláàhì. Ọlọ́hun á bá yín wo àwọn ọmọ, á tọ́jú wọn sínú ẹ̀sìn.

Kí n tètè sọ ọ́: ẹ má ra ajá náà. Àmọ́ kì í ṣe torí ohun tí ẹni tó ń pe mùsùlùmí ní kèfèrí yẹn sọ o, ìyẹn ọ̀tọ̀, màá kàn án. Ọ̀rọ̀ "ajá darandaran" yìí gan-an ni mo fẹ́ ká yanjú, torí mo ti ń gbọ́ ọ káàkiri, àwọn èèyàn sì ń gbé e bíi fátíwà.

Hádíìsì tí wọ́n dì mọ́ yẹn, òótọ́ ni, Bùkárí àti Músílímù ló gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra, pé ẹni tó bá ń sin ajá, ojoojúmọ́ ni kíráátì kan, ìyẹn òṣùwọ̀n láádá, á máa dín nínú láádá iṣẹ́ ẹ̀, àfi ajá oko tàbí ajá ẹran. Nínú ti Ibn Umar, kíráátì méjì ni, ó sì dárúkọ ajá ọdẹ. Ẹ wá wò ó dáadáa. Ṣé Ánábì dárúkọ ẹ̀yà ajá kankan níbẹ̀? Iṣẹ́ ló dárúkọ. Oko, ẹran, ọdẹ. Ajá tó bá ń ṣe iṣẹ́ yẹn ló wọlé, ìbáà jẹ́ ajá wa tí ò níran lásán, èyí tí ò bá sì ṣe é ò wọlé, ìbáà jẹ́ pé àgùntàn ni bàbá bàbá ẹ̀ ń dà kiri. Ta ló ní àgùntàn ní Manchester nínú yàrá ìgbàlejò? Ẹran wo ló fẹ́ dà, àwọn ọmọ yín ni?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni ajá náà gan-an mọ ìyàtọ̀ yìí. Àwọn tó ń da màlúù àti àgùntàn lọ sọ́jà nílùú wọn ló ń lò ó láyé àtijọ́, ìtàn tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé nígbà tí ìjọba ń gba owó orí lórí ajá, ajá tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ò san, wọ́n á gé ìrù ẹ̀ kúrò láti fi dá a mọ̀, ibẹ̀ ni orúkọ ẹ̀ kejì, Bobtail, ti wá. Iṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n wò. Ó wá yẹ kí àwa tí hádíìsì wà lọ́wọ́ wa máa wo irun?

Ó kan ti Málíkì. Àwa náà, Málíkì là ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Yorùbá, ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé kéú nìyẹn. Lóòótọ́, lọ́dọ̀ Málíkì gbogbo ohun tó bá wà láàyè ló mọ́, ajá wà níbẹ̀, pé ká fọ abọ́ tí ajá bá fẹnu sí lẹ́ẹ̀méje, ìjọsìn ni, kì í ṣe torí ẹ̀gbin. Nínú àwọn ìmáámù yòókù tí mùsùlùmí ń tẹ̀ lé, Ṣáfíì àti Áńbálì ò gbà bẹ́ẹ̀, Ánáfì ní itọ́ ẹ̀ lẹ́gbin. Ṣùgbọ́n kí nǹkan mọ́ yàtọ̀ sí kó lẹ́tọ̀ọ́! Ẹni tó ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ Málíkì kiri kó lọ ṣí Rìsálà, ìwé òfin ẹ̀sìn àwọn Málíkì tí Ibn Abi Zayd kọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé a kì í sin ajá nínú ilé ìlú, kódà a kì í sìn ín nínú ilé àwọn ará aginjù, àfi ti oko, tàbí ti ẹran tó ń bá lọ sí pápá tó sì ń bá padà wálé, tàbí èyí tí èèyàn fi ń dẹ ọdẹ jẹun, kì í ṣe ti eré. Ẹ gbọ́ ọ? Tó ń bá lọ, tó ń bá bọ̀. Kò ku ibi tí wọ́n lè gbà sá.

Wọ́n á ní Ibn Abi Zayd fúnra ẹ̀ so ajá mọ́lé. Àwọn tó túmọ̀ Rìsálà sọ ọ́ lóòótọ́. Ògiri ilé ẹ̀ wó, ó ń bẹ̀rù àwọn ọ̀tá, nígbà tí wọ́n bi í léèrè ó ní ká ní Málíkì bá ìgbà wa ni, kìnnìún ló máa fi ṣọ́lé. Bùkátà ló mú un ṣe é. Tiyín ńkọ́? Ajá eléyìí ẹlẹ́hànnà kọ́, bí olè bá wọlé àfàìmọ̀ ni ò ní lọ bá a ṣeré.

Ìwọ tó ní kèfèrí ló ń sin ajá, bẹ̀rù Ọlọ́hun. Onímọ̀ ńlá nínú Málíkì, Ibn Abdil-Barr, wo hádíìsì kíráátì yẹn, ó ní mákúrúù ló fi hàn, ìyẹn ohun tí kò dáa ká ṣe àmọ́ tí kò dé hàráámù. Àwọn mìíì ní hàráámù. Kò sí ẹni tó pè é ní kèfèrí nínú wọn. Ajá wà pẹ̀lú àwọn ará inú ihò nínú Súrátù Káhfì, ó na apá ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, Ọlọ́hun sì dárí ji ẹni tó fi bàtà pọn omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Àwọn ọmọ kéú tó ń sọ òkò lu ajá ní títì, tí wọ́n rò pé ẹ̀sìn ni, ta ló kọ́ wọn?

Ẹ tún wo ajá náà fúnra ẹ̀, ẹ̀tọ́ tiẹ̀ náà wà lọ́rùn wa. Akọ ẹ̀ lè wọ̀n tó kílò 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun ẹ̀ ìpele méjì ni, wọ́n gbọ́dọ̀ yà á dé awọ láàárín ọ̀sẹ̀, wákàtí á lọ sí i, bí wọ́n ò bá yà á á di kókó, á máa fa awọ ẹ̀. Tó bá mumi tán, omi á máa kán láti irùngbọ̀n ẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti ń foríkanlẹ̀. Wọ́n sì bí ìrìn mọ́ ọn ni, bí kò bá rí ẹran dà á máa fara ti ọmọdé kiri láti darí wọn. Ẹ̀yin méjèèjì lọ síbi iṣẹ́, ta ló máa mú un rìn nínú òjò Manchester? Bẹ́ẹ̀, hádíìsì pé mọ́láíkà kì í wọ ilé tí ajá wà, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.

Bí ọkọ yín bá ti san owó sílẹ̀, kó lọ gbà á padà, torí Ánábì kọ owó ajá. Bí wọ́n ò bá dá a padà, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má torí owó gba ajá. Tó bá sì jẹ́ pé ajá ti dé kí ẹ tó ka èyí, ẹ ò gbọdọ̀ lé e sígboro o, ẹ máa fún un lóúnjẹ títí ẹ fi máa rí àgbẹ̀ tó ní ẹran, tàbí ilé tí wọ́n ti ń gba ajá tí ò lólúwa.

Kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan ajá aládùúgbò, kò sí wàhálà. Bó bá lá wọn lọ́wọ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n lọ kírun wọn. Tí wọ́n bá sì wà ní ọlidé, ẹ mú wọn lọ sí oko àgùntàn kan ní Wales tàbí Yorkshire, kí wọ́n rí ajá lẹ́nu iṣẹ́.