Ṣé a lè fi máńgòrò, atalẹ̀ àti kànáfùrù se jáàmù nílé?

Bẹ́ẹ̀ ni, a lè sè é pẹ̀lú ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan, láìra èròjà tó ń mú jáàmù dì. Fún kílógíráàmù 1 máńgòrò tí a ti bó, tí a sì gé wẹ́wẹ́, gíráàmù 700 ṣúgà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 2, ṣíbí kékeré 1 atalẹ̀ tútù tí a rin àti kànáfùrù 3 tó, nítorí pé bí kànáfùrù bá pọ̀ jù, yóò bo adùn èso náà mọ́lẹ̀.

Ohun tó ń mú jáàmù dì wà nínú èso fúnra rẹ̀, ó sì pọ̀ jù nínú èyí tí kò tíì pọ́n tán. Ìdí nìyí tó fi dára kí a da díẹ̀ tó ṣì le mọ́ èyí tó ti rọ̀, kí omi ọsàn kíkan sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ máa rò ó lórí iná díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 40, títí tí èyí tí ẹ kán sórí àwo tútù kò fi ní ṣàn mọ́, kí ẹ tó ṣa kànáfùrù kúrò. Bí ẹ bá dín ṣúgà kù, inú fíríìjì ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kí ẹ sì tètè jẹ ẹ́ tán.