Èsì: Ṣé Íjíbítì inú Rome: Total War bá ìtàn mu?

Ẹ kú ìbéèrè o. Íjíbítì inú Rome: Total War, eré ogun orí kọ̀ǹpútà tí ẹ bèèrè nípa rẹ̀ yẹn, kò bá ìtàn mu rárá. Ọdún 270 ṣáájú ìbí Kristi ni eré náà bẹ̀rẹ̀. Ìdílé Ptolemy, tí wọ́n wá láti Masidóníà, ló ń jọba ní Íjíbítì gan-an nígbà náà, ọ̀kọ̀ gígùn bíi ti Alẹkisáńdà Ńlá, ọba Masidóníà, sì ni ọmọ ogun wọn fi ń jà. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ ogun ayé àwọn Fáráò àtijọ́ ni àwọn tó ṣe eré náà kó fún wọn! Ó dùn mí gan-an.

Síbẹ̀, mi ò lè fi eré náà sílẹ̀. Kí ẹlẹ́ṣin mi yọ sí ọ̀tá lẹ́yìn, kí gbogbo wọn fọ́n ká, orí mi á wú. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó sún mọ́ ìtàn, ẹ gbé Europa Barbarorum lé e, àtúnṣe tí àwọn olólùfẹ́ eré náà ṣe. Ọ̀fẹ́ ni.